Bí a kò bá ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́, ta ni yóò máa bọ́ àwọn orca tó wà ní àhámọ́?

Ìyá Mojí, London:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn nínú ilé wa, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá wa dá sí i. A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ lo ìsinmi ní Tenerife, erékùṣù àwọn ará Sípéènì tó wà nínú òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀kan nínú ibi tí àwọn ìdílé láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì máa ń lọ níbẹ̀ ni Loro Parque, ọgbà ẹranko tó wà ní Puerto de la Cruz, níbi tí orca, àbùùbùtán dúdú òun funfun nì, ti ń ṣe eré fún èrò ìwòran. Èmi kò fẹ́ kí a débẹ̀. Baba àwọn ọmọ ní kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, pé ẹranko tó ń jẹun lásìkò, tó sì ní dókítà tirẹ̀, sàn ju èyí tó ń fi gbogbo ọjọ́ wá ohun tí yóò jẹ lọ. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀ lé e ni mi ò rí èsì fún: ó ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń ra ẹja tí wọ́n ń jẹ, nítorí náà, bí gbogbo èèyàn bá kọ̀ láti lọ, ebi ni a fi ń pa àwọn ẹranko tí a ní à ń ṣàánú.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Mo mọ̀ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ibi tí wọ́n ti ń fi dọ́fíìnì ṣeré tó nǹkan bí 30 ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 1993, èyí tó kẹ́yìn ti kógbá sílé. Ìjọba kò fi òfin dè é ní tààràtà. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí bí adágún omi ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, kí ó sì jìn tó, ló ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọlọ́gbà tó fẹ́ ná owó náà. Mo tún mọ̀ pé ní ọdún 2018, Thomas Cook, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìn àjò ìsinmi, kéde pé àwọn kò ní bá SeaWorld, ọgbà ẹranko omi ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti Loro Parque ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹranko wọ̀nyí gan-an bí owó bá dáwọ́ dúró? Ṣé ó ṣeé ṣe láti dá wọn padà sínú òkun? Bí a bá sì lọ, ṣé oúnjẹ ni owó wa ń rà fún wọn lóòótọ́?

Ọmọ Ìdànrè, Florida:

Ẹ kú ìbéèrè, ma. Baálé yín so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ọ̀kan jẹ́ òótọ́, èkejì kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn orca kan tó gbé ní Miami fún nǹkan bí ọdún 53 sì ni mo máa fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1970 ni wọ́n mú un. Àwọn tó ń fi mímú orca ṣòwò kó ọkọ̀ ojú omi àti bàálúù jáde, wọ́n ń ju ohun abúgbàù sínú omi, títí wọ́n fi da agbo tó lé ní 80 wọ Penn Cove, ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ ní Erékùṣù Whidbey, ìpínlẹ̀ Washington. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń wá, nítorí pé ọmọ ló rọrùn láti gbé sọ́kọ̀. Wọ́n ya méje sọ́tọ̀ fún títà. Márùn-ún kú sínú àwọ̀n, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ọmọ. Wọ́n la ikùn òkú náà, wọ́n sì fi ohun wíwúwo rì wọ́n mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, omi ti gbé díẹ̀ nínú wọn sí etíkun.

Èyí tí wọ́n gbé wá sí Miami kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Tokitae ni orúkọ tí dókítà ẹran tó gbà á fún un, Lolita sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pè é lójú agbo. Adágún oníkọnkéré tí wọ́n fi í sí ní Miami Seaquarium gùn ní 80 ẹsẹ̀ bàtà, ó fẹ̀ ní 60, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ kò sì ju 20 lọ, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 20 ẹsẹ̀ bàtà nígbà tó dàgbà. Ìyẹn ni pé bí ó bá nàró nínú omi náà, ìrù rẹ̀ ti kanlẹ̀. Irú ẹ̀dá tó lè rin 160 kìlómítà lóòjọ́ nínú òkun ni à ń sọ o.

Orca akọ kan tó ń jẹ́ Hugo ni wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀rẹ̀. Léraléra ni Hugo ń fi orí sọ ògiri, ó sì kú ní ọdún 1980 nígbà tí òpó ẹ̀jẹ̀ kan bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Láti ìgbà náà títí Tokitae fi kú, kò tún rí irú ara rẹ̀ mọ́. Àwọn dọ́fíìnì ni wọ́n kó tì í. Ẹ rántí pé nínú agbo tí wọ́n ti mú un, ọmọ kì í kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bó ti wù kó dàgbà tó, akọ ni o, abo ni o, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ìró tirẹ̀ tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Orca tó lé ní 40 ni wọ́n kó lọ láàárín àwọn ìbátan wọ̀nyí ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, àwọn tó kù lónìí kò sì tó 80. Ní ọdún 2015 ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka Tokitae pàápàá mọ́ àwọn tó wà nínú ewu àkúrun, síbẹ̀ wọn kò torí ìyẹn gbé e kúrò níbi tó wà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ owó. Ó ju ọdún 50 lọ tí àwọn èèyàn fi ń sanwó wá wo Tokitae. Owó náà ra ẹja, òótọ́ ni. Ó sanwó dókítà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò mú adágún náà fẹ̀ sí i, kò sì bò ó lórí kúrò nínú oòrùn Florida. Ẹja tí wọ́n ń rà pàápàá ní àbùkù tirẹ̀ nígbà tó yá, nítorí pé ní ọdún 2021 àwọn olùyẹ̀wò láti ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti fún àwọn ẹranko ní ẹja tí kò dára mọ́, wọ́n sì ti dín oúnjẹ Tokitae kù lòdì sí ìmọ̀ràn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ọgbà náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tuntun, ìyẹn The Dolphin Company, ní ọdún 2022, wọn kò fi í ṣe eré mọ́. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n kéde pé àwọn yóò dá a padà sínú omi tí wọ́n ti mú un. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn gan-an ló kú. Àìsàn kíndìnrín àti òtútù àyà wà lára ohun tí àyẹ̀wò rí. Àwọn ènìyàn Lummi, tí wọ́n ti wà ní etí omi yẹn kí aláwọ̀ funfun tó débẹ̀, tí wọ́n sì ka orca sí ẹbí, ni wọ́n gba eérú rẹ̀ padà sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ baálé yín ti jẹ́ òótọ́ nìyí: nígbà tí gbèsè mú ilé iṣẹ́ náà, tó sì di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ní ọdún 2025, àwọn ẹranko tó kù ló kọ́kọ́ di ìṣòro, torí pé kò sí ẹni tó ti ya owó kankan sọ́tọ̀ fún wọn. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n ti ọgbà náà pa.

Onípóńdì, Ẹ̀pẹ́:

Ẹ kú ọgbọ́n, Ọmọ Ìdànrè. Iṣẹ́ ẹja ni mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́, òun náà ni mo sì ń jẹ, nítorí náà omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé èyí tó pọ̀ nínú ìyà àwọn ẹranko wọ̀nyí, inú omi ló wà, ojú èrò ìwòran kì í sì í rí i.

Ẹnikẹ́ni tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú póńdì oníkọnkéré mọ̀ pé ohun tí ẹja bá jẹ ni yóò yà sínú omi, àti pé bí o kò bá tètè pààrọ̀ omi náà, amóníà yóò pa ẹja rẹ. Orca kan lè jẹ ẹja tó ju 50 kìlógíráàmù lọ lóòjọ́. Ẹ fojú inú wo ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀. Kòkòrò àrùn á máa pọ̀ nínú omi bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọgbà fi ń da kílóríìnì sí i. Àmọ́ bí kílóríìnì bá pàdé ìdọ̀tí ara ẹranko, ohun tí yóò ti inú rẹ̀ jáde máa ń ta ojú àti awọ, ó sì máa ń rá bàbà lójú omi. Ojú omi yẹn gan-an ni orca àti dọ́fíìnì ti ń mí, nítorí pé ẹranko afọ́mọlọ́mú ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró bíi tiwa, àtàrí wọn sì ni ihò imú wọn wà. Wọn kò lè sá fún un.

Jíjìn omi náà tún ní ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn kì í rò. Nínú òkun, orca kì í pẹ́ lójú omi. Ó mí, ó sì tún rì. Nínú adágún tí kò jìn, wákàtí púpọ̀ ló fi ń léfòó sójú kan náà, oòrùn á máa pa á lẹ́yìn, ẹ̀fọn á sì máa bà lé e. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó kéré tán, orca méjì ni àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ti pa ní Amẹ́ríkà: Kanduke ní Florida ní ọdún 1990, àti Taku ní Texas ní ọdún 2007. Ẹranko tó lágbára jù lọ nínú òkun, ẹ̀fọn ló pa á.

Eyín wọn ńkọ́? Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí kan tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí orca 29 tó wà ní àhámọ́, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí eyín rẹ̀ kò bàjẹ́, nítorí pé wọ́n máa ń gé kọnkéré àti irin jẹ nígbà tí ayé bá sú wọn. Bí eyín bá kán, wọ́n á lu ihò sí i kí wọ́n lè máa fọ inú rẹ̀, ó sì di iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn títí ayé ẹranko náà. Lẹbẹ gíga tó wà lẹ́yìn akọ, èyí tó máa ń dúró ṣánṣán nínú òkun, máa ń wó sí ẹ̀gbẹ́ kan lára gbogbo akọ tó bá dàgbà sí àhámọ́. 

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un nípa séálì àti kìnnìún òkun, nítorí ariwo orca kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí wọn. Ojú ni àwọn wọ̀nyí fi ń ṣàìsàn jù. Ojú wọn jẹ́ ojú tí a dá fún òkùnkùn ìsàlẹ̀ omi. Àwọn ọlọ́gbà wá kùn adágún wọn ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, wọn kò fún wọn ní ibòòji, wọ́n sì ń ju ẹja sí wọn láti òkè kí wọ́n lè gbójú sókè sí oòrùn. Kò pẹ́ tí ẹyinjú wọn yóò fi funfun, tí wọn kò sì ní ríran mọ́. Bí ẹ bá dé ibikíbi tí wọ́n ti ń sin séálì, ẹ wo ojú wọn àti ibi tí ibòòji wà, kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó.

Àbẹ̀kẹ́, Tampa:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì, mi ò sì ní jiyàn ohun tí ẹ sọ nípa Tokitae. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko omi ni mo ń ṣe, ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n bá da gbogbo wa pọ̀. Ní ọdún 2021, mánátì, ẹranko omi ńlá tó ń jẹ koríko, tó lé ní 1,000 ló kú ní Florida, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ebi pa, nítorí pé ìdọ̀tí tí àwọn ènìyàn ń dà sínú omi ti pa koríko abẹ́ omi tí wọ́n ń jẹ ní Indian River Lagoon. Ibo ni wọ́n gbé àwọn tó ṣẹ́ kù díẹ̀ kí wọ́n kú lọ? Àwọn ọgbà ẹranko yìí náà ni, SeaWorld wà lára wọn, nítorí pé àwọn ló ní adágún, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹranko tó wúwo, àti dókítà tó mọ ara mánátì. A bọ́ wọn, ara wọn yá, a sì dá ọ̀pọ̀ wọn padà sínú odò. Bí ẹ bá ní kí gbogbo adágún gbẹ lọ́la, ẹ sọ ibi tí a máa gbé aláìsàn sí.

Ní ti dídá àwọn orca padà sínú òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ohun tí a rí nínú fíìmù tàn wá. Keiko, orca tó kópa nínú fíìmù Free Willy, ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lé lórí jù lọ. Iceland ni wọ́n ti mú un ní ọdún 1979. Ó gbé inú adágún kékeré kan ní ìlú Mẹ́síkò fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ rẹ̀ bàjẹ́, ó sì rù. Wọ́n gbé e lọ sí Oregon ní ọdún 1996, ibẹ̀ ló ti sanra padà, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n fi àwọ̀n pa léti òkun ní Iceland ní ọdún 1998. Ní ọdún 2002 ó kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wẹ̀ dé Norway, inú gbogbo wa sì dùn. Kí ló ṣe nígbà tó débẹ̀? Ènìyàn ló ń wá kiri. Ó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi, ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọdé fọwọ́ kàn án. Òtútù àyà pa á ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, kò sì rí agbo tó gbà á wọlé.

Ẹ fi Springer wé e. Ọmọ orca tí kò ní ìyá mọ́ ni, wọ́n rí i nítòsí Seattle ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, òun nìkan, ó sì ń ṣàìsàn. Wọ́n mú un ní oṣù Kẹfà, wọ́n tọ́jú rẹ̀ nínú òkun gan-an, nínú ibi tí wọ́n fi àwọ̀n pa, wọn kò jẹ́ kí ó mọ́ ènìyàn lára, nígbà tó sì di oṣù Keje wọ́n gbé e lọ sí ibi tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń gbà kọjá ní Kánádà. Ẹbí rẹ̀ gbà á. Ní ọdún 2013 òun náà ti bímọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju èyí lọ: oṣù díẹ̀ ni ọ̀kan lò lọ́dọ̀ ènìyàn, èkejì lo èyí tó ju 20 ọdún lọ, a sì mọ ẹbí ọ̀kan, a kò mọ ti èkejì. Nítorí náà, èyí tí wọ́n bí sínú adágún, tí kò pa ẹja ààyè rí, tí kò sì ní ẹbí níbì kankan, bí ẹ bá tú u sílẹ̀, ẹ pa á ni. Ibi tí a lè gbé irú wọn lọ ni ibi ààbò tí a fi àwọ̀n pa léti òkun, tí a ó ti máa bọ́ wọn títí ayé wọn. Ìyẹn pàápàá kò rọrùn. Beluga méjì, ìyẹn irú àbùùbùtán funfun kan, tí wọ́n kó láti Shanghai lọ sí Iceland ní ọdún 2019, ibi tí Keiko ti gbé rí, inú adágún abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tí wọ́n ti lò níbẹ̀, nítorí pé òkun gbígbòòrò kò tètè bá wọn lára mu.

Ìyá Mojí, London:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á máa fún yín ní ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí etí baba àwọn ọmọ. Ó ní Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, pé bí a kò bá lè tú wọn sílẹ̀, tí a kò sì rí ibi ààbò kó wọn lọ, a jẹ́ pé kí a máa san owó tíkẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn.

Ayọ̀délé, Toronto:

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n, ma, kí ẹ sì sọ fún wọn pé Kánádà ti dán ìbéèrè yìí wò, a sì rí ibi tó já sí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ilé aṣòfin wa fọwọ́ sí òfin tó ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú àbùùbùtán tàbí dọ́fíìnì tuntun, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú kí wọ́n bímọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe eré láìgba àṣẹ. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ó jẹ́ kí àwọn tó ti wà ní àhámọ́ wà níbi tí wọ́n wà, kò sì sọ ẹni tí yóò máa sanwó ìtọ́jú wọn. Orca kan tó ń jẹ́ Kiska wà ní Marineland, ọgbà ẹranko kan ní Niagara Falls, nígbà náà. Iceland ni wọ́n ti mú òun náà ní ọdún 1979, ọmọ márùn-ún ló bí, gbogbo wọn ló sì kú mọ́ ọn lójú. Láti ọdún 2011 kò ní ẹnì kejì nínú adágún rẹ̀. Òun ni orca tó kẹ́yìn ní àhámọ́ ní gbogbo Kánádà, ó sì kú ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Àwọn beluga ló kù. Nígbà tí èrò kò wá mọ́, tí owó sì tán, ọgbà náà fẹ́ kó 30 beluga lọ sí Ṣáínà; mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja kọ̀ fún wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, torí pé iṣẹ́ eré kan náà ni wọn yóò máa ṣe lọ́hùn-ún. Èsì tí ọgbà náà fọ̀ ni pé bí kò bá sí ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ ìjọba, àwọn yóò pa wọ́n.

Irú nǹkan yẹn náà ló ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Faransé. Wọ́n ṣe òfin ní ọdún 2021 pé eré dọ́fíìnì àti orca yóò dópin ní ìparí ọdún 2026. Ọgbà tó ní orca ní Antibes kò dúró de ọjọ́ náà, ó ti ilẹ̀kùn pa ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ó sì ku Wikie àti ọmọ rẹ̀ Keijo nínú adágún níbẹ̀, láìsí èrò, láìsí ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní kí wọ́n kó wọn lọ sí Japan, ìjọba kọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kó wọn lọ sí Loro Parque, ibi tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, àwọn aláṣẹ Sípéènì ní ibẹ̀ kò bá wọn mu.

Nítorí náà, mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n pé bí owó bá tán láìsí ètò, ìyà ni fún ẹranko. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni pé kí àwa máa san án lọ lọ́nà yìí. Ohun tí òfin Kánádà gbàgbé ni pé nígbà tí èrò ṣì ń wá, nígbà yẹn ló yẹ kí a ti máa gba ìpín kan nínú tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú àpò tí ọlọ́gbà kò lè fọwọ́ kàn, fún ìtọ́jú ẹranko náà títí yóò fi kú. Ẹranko tó lè gbé tó ọdún 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò yẹ kí ìjọba fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti sìn ín láìjẹ́ pé onítọ̀hún fi owó ọdún náà hàn.

Ohun tí èmi yóò sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọgbà èyíkéyìí ni bóyá wọ́n ṣì ń mú kí wọ́n bímọ. SeaWorld kéde ní ọdún 2016 pé àwọn ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, nítorí náà ìran tó wà lọ́wọ́ wọn ló kẹ́yìn, ènìyàn sì lè sọ pé ìtọ́jú arúgbó ni òun ń sanwó fún. Loro Parque kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 2021 sí 2024, orca mẹ́rin ló kú níbẹ̀: Skyla, Ula, Kohana àti Keto. Ula kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó kú. Morgan ni ìyá rẹ̀, ìtàn Morgan sì kan ohun tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ sọ nípa ìtọ́jú: ní ọdún 2010 ni wọ́n rí i, òun nìkan, ebi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán, ní etíkun Netherlands, wọ́n sì gbà á là lóòótọ́. Àmọ́ wọn kò dá a padà. Wọ́n gbé e lọ sí Tenerife ní ọdún 2011, ó sì ti di ara eré. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó tún bímọ mìíràn níbẹ̀, Teno lorúkọ rẹ̀. Owó tí ẹ bá san níbẹ̀ yóò bọ́ Morgan, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n irú owó yẹn náà ló ń mú kí wọ́n máa bí irú Teno síbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, Tampa:

Lórí ti Morgan, mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ, Bùrọ̀dá Ayọ̀délé. Ọsibítù tó bá ń yọ̀ pé aláìsàn òun kò lè lọ sílé mọ́, kí ìjọba wá yẹ ìwé rẹ̀ wò. Àbá àpò owó yẹn náà dára, ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé kí ìpín kan nínú rẹ̀ wà fún àwọn tó ń tọ́jú wọn, torí pé nígbà tí ọgbà bá ń kógbá sílé, àwọn tó mọ ẹranko náà jù ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ìyá Mojí, London:

Ó ti yé wa. Baba àwọn ọmọ kò tíì sọ pé òun gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Teno mú un dákẹ́. Ó wá ku ìbéèrè kan: àwọn ọmọ ti gbọ́ orúkọ àbùùbùtán, wọn kò sì ní jẹ́ kí a sinmi. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà ní Tenerife tí wọ́n lè gbà rí wọn?

Ayọ̀délé, Toronto:

Ó wà, ma, ó sì sún mọ́ ibi tí ẹ ń lọ. Láàárín Tenerife àti erékùṣù La Gomera, ní apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn, irú àbùùbùtán dúdú kékeré kan wà tó ń gbé ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, dọ́fíìnì sì máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ wò wọ́n máa ń gbéra láti Los Gigantes àti Puerto Colón. Ẹ yan ọkọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ìjọba. Wọ́n máa ń fi àsíá aláwọ̀ ìyeyè kan hàn, tí wọ́n kọ Barco Azul sí. Òfin Sípéènì ní ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn ju 60 mítà lọ, nítorí náà ẹ má bá ọlọ́kọ̀ tó bá ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé wọn yóò bá dọ́fíìnì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ẹ lọ ní àárọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí le, kí ẹ sì fún àwọn ọmọ ní oògùn tí kì í jẹ́ kí òkun kọ èèyàn kí ẹ tó wọ ọkọ̀.